Ọ̀nà Tí Ẹsẹ̀ Màlúù Gbà Dé Peckham

Ẹ̀yin ìyá wa àti bàbá wa tí ẹ ń ta oúnjẹ ní Peckham, ní Dalston, ní Brixton àti ní Woolwich, ẹ̀yin ará Jàmáíkà àti Trinidad tí ẹ wá bá wa péjọ lónìí, ẹ gbọ́ mi. Nígbà tí àwọn tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ bi mí pé kí ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí, mo ní ẹsẹ̀ màlúù ni, èyí tó dì gbagidi nínú páálí, tí ọkọ̀ ń já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín láàárọ̀ kùtù. Àwọn kan ti lè máa retí ọ̀rọ̀ báńkì tàbí owó orí. Àwọn tó mọ ìyẹn jù mí lọ wà nínú ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ màlúù ni kò rí ẹni sọ ọ́.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Àwa la mọ oníbàárà tó fẹ́ ẹ funfun àti èyí tó fẹ́ kí iná ti wì í. Àwa là ń gé e, tí à ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń pinnu iye rẹ̀ àti ìmọ́tótó rẹ̀, ìyẹn nílé ìpẹran, níbi tí wọ́n ti ń họ irun rẹ̀ àti nílé òtútù, ojú tiwa ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Mo fẹ́ kí á débẹ̀. Ìmọ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé wa débẹ̀, owó á tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹran náà fúnra rẹ̀. Láti orúnkún màlúù dé pátákò, ẹran pupa kò tó nǹkan níbẹ̀. Awọ ni, iṣan ni, kerekere ni, egungun ni, àti mùdùnmúdùn inú egungun. Ohun tó pọ̀ jù nínú awọ àti iṣan wọ̀nyẹn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní collagen. Bí ẹ bá fi ìkánjú sè é, eyín ò ní ràn án. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, collagen á yọ́ di gelatin, omi ọbẹ̀ á ki, ètè á máa lẹ̀ mọ́ra. Ọbẹ̀ tó bá sùn mọ́jú, ẹ óò bá a láàárọ̀ tó ti le nínú ìkòkò, láìsí pé ẹnikẹ́ni da ìyẹ̀fun sí i. Àǹfààní mìíràn tún wà tó kan àwa tí à ń tà á: òtútù fìrísà kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ẹsẹ̀ màlúù jẹ́ bó ṣe ń ba ẹran pupa jẹ́. Ẹran pupa tó bá dì, tó sì yọ́, omi ara rẹ̀ á máa ṣàn jáde. Awọ àti iṣan kì í ṣòfò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí ọbẹ̀ tó ki yẹn ni àwọn ènìyàn tí òkun pín níyà fi jọ ń jẹ ẹ́. Ará Jàmáíkà ń sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀wà ńlá tí wọ́n ń pè ní butter beans, pẹ̀lú ewé thyme àti ata tó jọ ata rodo wa. Ará Trinidad ń fi ṣe ọbẹ̀ olómi ní Sátidé. Àwọn Ìgbò ń fi epo pupa àti kán-ún ṣe é ní nkwobi. Ará Zimbabwe ní mazondo tiwọn. Ní tiwa, bòkòtò tó rọ̀ dáadáa lórí àmàlà, tí gbẹ̀gìrì àti ewédú ti bò ó, kò sí ọmọ Ìbàdàn tí mo ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa la gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Lancashire, oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú ni ẹsẹ̀ màlúù. Ilé iṣẹ́ United Cattle Products, tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ sí UCP, ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri àríwá England níbi tí wọ́n ti ń ta ṣàkì àti ẹsẹ̀ màlúù, àwọn kan sì ní ilé oúnjẹ lókè. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n kọ̀yìn sí oúnjẹ àwọn ìyá wọn, àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ń palẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn tó wọ ọkọ̀ Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury, ní June ọdún 1948, tí àwọn ará Káríbíánì mìíràn tẹ̀lé wọn, kí àwa náà tó wá dé. Alápatà tí kò mọ ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ màlúù sí mọ́ bá rí oníbàárà tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ iyì wúrà là ń tà á fún, àwa la sì mọ iyì yìí. Bí iye rẹ̀ ṣe wá ń gòkè láti ìgbà náà, ìfẹ́ tiwa ló gbé e gòkè. Ẹni tó wà láàárín ló ń jẹ èrè ìfẹ́ náà.

Ibo ni ẹsẹ̀ màlúù yìí ń gbà wá? Kì í ṣe Nàìjíríà. Ilẹ̀ yìí kò gba ẹran láti Nàìjíríà, Nàìjíríà náà kò sì gba ẹran màlúù dídì láti òkèèrè, ó wà lára àwọn ọjà tí àwọn aṣọ́bodè ń lé. Ẹsẹ̀ tó wà nínú fìrísà yín lè jẹ́ ti màlúù tó jẹko ní England tàbí Scotland. Ó lè jẹ́ ti Ireland, orílẹ̀-èdè kékeré tó ń ta nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹran màlúù rẹ̀ sí òkèèrè. Ó sì lè ti àárín Yúróòpù wá. Lójú ilé ìpẹran, èrè wà lára itan àti ẹ̀yìn màlúù. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó kù, bí kò bá rí ẹni rà á fún jíjẹ, á bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ àjẹkù ẹran, nígbà mìíràn ilé ìpẹran fúnra rẹ̀ ló máa sanwó kí wọ́n tó gbé e kúrò. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ dúnàá dúrà fi èyí sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n irun ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni màlúù fi ń tẹ ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́, nítorí náà òfin kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ohun tó sọ ni pé ẹsẹ̀ tí ènìyàn máa jẹ, kí wọ́n bó awọ rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ kí wọ́n sì họ irun rẹ̀ tán. Ẹ̀rọ tó ń yí bírí bírí nínú omi gbígbóná ló ń ṣe é, wọ́n á yọ pátákò, ẹnì kan á sì fi ọ̀bẹ fá èyí tó kù. Iṣẹ́ agbára ni, ó ń jẹ omi, ó ń jẹ iná, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìpẹran ló ní ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá ní in ló ń pàṣẹ iye. Àwọn oníbàárà wa láti Káríbíánì sábà máa ń fẹ́ èyí tó funfun báláú. Àwọn ará ilé wa fẹ́ kí awọ pọ́n, kí òórùn iná wà lára rẹ̀ díẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wì í nílé. Iná gáàsì tó mọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wì í. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn kan ń fi táyà sun ní odò ẹran nílé, a sì mọ̀ pé májèlé inú èéfín táyà kì í jáde tán nínú awọ, bó ti wù kí ènìyàn fọ̀ ọ́ tó.

Níbí, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ kan dáadáa, torí mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rù bà láìnídìí. Ẹran àgùntàn tí wọ́n fi iná wì tòun ti awọ, tí wọ́n ń pè ní smokies, òfin ilẹ̀ yìí kò fàyè gbà á, àwọn tó ń ṣe é sì ń ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ màlúù aláwọ kò sí nínú èèwọ̀ yẹn, bí wọ́n bá ti họ ọ́ mọ́ nílé iṣẹ́ tó ní àṣẹ. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá da méjèèjì pọ̀, ẹ má bá a jà, ẹ fi àmì ara páálí hàn án. Àmì roboto gígùn ni, orúkọ orílẹ̀-èdè wà nínú rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé iṣẹ́. Páálí tí kò bá ní àmì yìí, ẹ má gbà á wọlé, ì báà jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ òtútù ló kàn. Ọdún 1882 ni ọkọ̀ ojú omi Dunedin gbéra ní New Zealand ní oṣù February, tó gúnlẹ̀ sí London ní oṣù May pẹ̀lú ẹran àgùntàn dídì tó tó nǹkan bí 5,000. Nígbà yẹn, ẹran ti ń la òkun kọjá láìbàjẹ́. Ojú títì ló ṣì le. Yìnyín ni wọ́n ń kó sínú lọ́rì, tí yìnyín bá sì ti yọ́, ẹran ti lọ. Ẹni tó yanjú rẹ̀ jẹ́ ọmọ dúdú ará Amẹ́ríkà, Frederick McKinley Jones, tí wọ́n bí ní Cincinnati ní ọdún 1893. Kò rí ilé ìwé lọ títí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun ló ṣe ẹ̀rọ òtútù tó lè jókòó sórí ọkọ̀ akẹ́rù tí gbígbọ̀n ojú ọ̀nà kò ní bà á jẹ́. Òun àti Joseph Numero dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1938, èyí tí ayé mọ̀ lónìí sí Thermo King. Jones kú ní 1961. Ọdún 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ọmọ tó jókòó lẹ́yìn, tí ẹ ń bá àwọn òbí yín já ẹrù lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo iwájú ọkọ̀ ẹran tó bá tún dé. Ọmọ dúdú ló ṣe ẹ̀rọ tó ń kùn lókè yẹn, ẹ sì lè ṣe èyí tó jù ú lọ.

Ìwọ̀n tí òfin béèrè fún ẹran tí wọ́n mú dì kíákíá ni -18 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà, wọ́n fàyè gbà á kó gòkè fún ìgbà díẹ̀, kó má ju ìwọ̀n 3 lọ. Kòkòrò àìfojúrí kì í kú tán nínú fìrísà, òtútù ló dá a dúró. Bí ẹran bá yọ́ tí wọ́n sì tún mú un dì, kòkòrò tó ti gbèrú láàárín ìgbà náà á wà níbẹ̀ títí ìyàwó ilé á fi gbé e dé orí tábìlì ìdáná. Mo ti bá awakọ̀ kan pàdé tó pa ẹ̀rọ òtútù rẹ̀ lóru mọ́jú kí epo má baà tán, tó sì tàn án ní ìdajì wákàtí kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tutù nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ẹran kò tutù. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀. Ẹ ki irin òṣùwọ̀n bọ àárín páálí méjì tó fara kanra. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀rá: bí omi pupa bá ti dì sí igun kan, ẹran náà ti yọ́ rí. Bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá bá lẹ̀ pọ̀ di òkúta kan, bákan náà. Ibi tó funfun tó sì gbẹ lára awọ kì í pa ènìyàn, afẹ́fẹ́ fìrísà ló fà á, ṣùgbọ́n adùn ti kúrò níbẹ̀, kí wọ́n dín owó rẹ̀.

Àwọn ìwé tó ń bá ẹrù rìn ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìwé ń sú yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn. Ní March ọdún 1996, ìjọba ilẹ̀ yìí jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àrùn wèrè màlúù máa kọjá sí ara ènìyàn. Láti ọdún náà títí di 2005, màlúù tó bá ti ju oṣù 30 lọ kò lè di oúnjẹ níbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a lọ. Ní February ọdún 2001, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu yọ, wọ́n pa ẹran tó ju mílíọ̀nù 6 lọ. Ní January ọdún 2013, wọ́n bá ẹran ẹṣin nínú ohun tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá kọ màlúù sí lára. Bí ìró bẹ́ẹ̀ bá jáde, ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú. Ìyẹn ń dùn mí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Láti January ọdún 2005, òfin ti pàṣẹ pé kí oníṣòwò oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lè sọ ẹni tó ta ọjà fún un àti oníṣòwò mìíràn tó tà á fún. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, bí òṣìṣẹ́ bá dé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ á parí.

Ọ̀rọ̀ àrùn ẹran kò sì tíì tán. January ọdún 2025, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu tún yọ ní Jámánì, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1988. Ní March ó yọ ní Hungary àti Slovakia. Ilẹ̀ yìí dá ẹran láti ibẹ̀ dúró, nígbà tó sì di oṣù April, wọ́n ní kí arìnrìn-àjò tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù má ṣe di ẹran màlúù sínú àpò mọ́. Ẹni tó ti gbé gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ lé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ọjọ́ kan péré ni fìrísà rẹ̀ máa ṣófo. Láti oṣù January ọdún 2024 sì ni ìwé ẹ̀rí dókítà ẹran ti di dandan fún ẹran tó ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wọ ibí, owó ìwé náà ti wà nínú iye tí ẹ ń rà á.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà láàárín wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun kan sí i. Ẹsẹ̀ kì í gbé ẹ̀rí halal dání bí òkú ẹran odidi ṣe ń gbé e. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kó ẹsẹ̀ jọ láti ilé ìpẹran mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti họ ọ́, ti halal àti èyí tí kì í ṣe halal lè bọ́ sínú omi kan náà. Ẹni tó bá lẹ àmì halal mọ́ fìrísà láìní ìwé tó tọ ẹsẹ̀ náà dé orísun rẹ̀ ń purọ́ mọ́ ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn, ì báà jẹ́ pé kò mọ̀.

Owó wá kù. Ẹ bá mi ṣírò. Ká ní páálí kan jẹ́ kìlò 20, páléètì kan sì gbé páálí 40. Kìlò 800 nìyẹn. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n yẹn bá jẹ́ omi tí wọ́n da lé e kó tó dì, kìlò 80 yìnyín lẹ rà ní iye ẹran. Òfin sọ pé yìnyín tí wọ́n fi bo oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ yan páálí kan lójú ẹni tó gbé e wá, ẹ fi omi tútù ṣan yìnyín orí rẹ̀, ẹ nù ún, ẹ wọ̀n ọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ní àwọn kò ní ta ọjà fún un mọ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ tó bá jọ ṣe é, wọn ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Àwọn ará Lancashire tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ahunṣọ ìlú Rochdale, tálákà ni wọ́n. Ní December ọdún 1844, wọ́n dá owó jọ, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Toad Lane, bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun àti àbẹ́là ni wọ́n kọ́kọ́ tà. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ti pọ̀, wọ́n rí i pé alágbàtà ṣì ń jẹ wọ́n run. Ní ọdún 1863, wọ́n pawọ́ pọ̀ dá ilé ọjà àtàpọ̀ tiwọn sílẹ̀ ní Manchester, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù jọ ni ín. Wọn ò kàwé jù wá lọ. Àṣà àjọ dídá kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí: a ní èsúsú, ará Trinidad ní sou-sou, ará Jàmáíkà ní pardner. Gbogbo owó yẹn là ń dá, tí à ń fi ra mọ́tò, tí à ń fi ṣe òkú, tí à ń fi sanwó ilé ìwé. A kò tíì fi ra ọjà lápapọ̀ bó ti yẹ. Òfin ọdún 2014 lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gba ènìyàn mẹ́ta láti forúkọ sílẹ̀.

Mo mọ ìdí tí a kì í fi í ṣe é. Nínú ìlú kan náà la ti ń pín oníbàárà, ẹni tó bá ta ẹsẹ̀ ní owó tó wálẹ̀ díẹ̀ ló ń gba oníbàárà ẹnìkejì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aládùúgbò mọ iye tí òun ń rà á. Ẹ má wulẹ̀ bára yín sọ iye tí ẹ máa tà á. Òfin ìdíje kò gbà bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan. Rírà nìkan ni kí ẹ jọ ṣe.

Àsìkò náà sì dára. Ní November ọdún 2024, àwọn aláṣẹ City of London jáwọ́ nínú ọjà tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Dagenham, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn alápatà ọjà ẹran Smithfield máa ṣòwò níbi tí wọ́n wà ó kéré tán títí di 2028. Àwọn tó ń ta ẹran ní àtàpọ̀ nílùú yìí ń wá àwọn tí wọ́n máa ta ọjà fún.

Ìṣọ́ra kan kí n tó jókòó. Ṣọ́ọ̀bù tó ń gé ẹsẹ̀ fún oníbàárà tó wọlé, ìforúkọsílẹ̀ ní káńsù ti tó fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn iná gé e fún ṣọ́ọ̀bù mìíràn, tí kì í sì í ṣe ìwọ̀nba kékeré, àṣẹ pàtàkì ni ẹ nílò, dókítà ẹran á wá wo ilé iṣẹ́ yín. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ra páálí tí wọ́n ti dì tán, kí ẹ sì pín in láìṣí i. Ẹ gba àyè páléètì nílé òtútù tó ní àṣẹ, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ bá pín páálí 40, márùn-ún ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, fìrísà kékeré á gbà á. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní ṣọ́ọ̀bù nínú àwọn mẹ́jọ náà láti lọ gba ẹrù, kó wọ̀n ọ́n, kó kọ nọ́ńbà àmì rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó pín in. Kí owó àkọ́kọ́ wọlé kí September tó parí, torí láti November ni ọjà ọdún Kérésìmesì ti ń gbówó lórí, ẹni tó bá dé nígbà yẹn kò ní lè dúnàá dúrà.

Ìwé tí ẹ máa kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sí wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti ṣetán fún ìbéèrè yín.